Weir mi nínú HEC-RAS: omi òkè kéré ju èyí tí mo fojú ara mi kà lọ, kí ni mo ṣe tí ò tọ́?

Omi_Ń_Ṣàn:

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa HEC-RAS, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ṣírò bí omi ṣe ń ṣàn nínú odò àti ọ̀nà omi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí, ó ti di ọjọ́ kẹrin tí mo ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí jìjàkadì, orí mi ti ń gbóná.

Iṣẹ́ yìí ò le lójú mi tẹ́lẹ̀ o. Ọ̀nà omi kan ni, kọnkéré ni wọ́n fi ṣe é, fífẹ̀ ẹ̀ jẹ́ mítà 4, ògiri ẹ̀ méjèèjì dúró ṣánṣán, weir kan, ìyẹn ìdènà kékeré tí omi ń gba orí ẹ̀ kọjá, wá dábùú ẹ̀ láti ògiri dé ògiri, irin pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ṣe ètè weir yẹn, ó mú bí abẹ, ètè náà sì fi mítà 1.2 ga ju ilẹ̀ ọ̀nà omi lọ. Mo lọ síbẹ̀ fúnra mi, mo fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn eré omi wọ̀n ọ́n, omi tó ń kọjá jẹ́ 2 m³/s, mo wá ka igi ìwọ̀n tó wà lápá òkè, omi fi sẹ̀ǹtímítà 41 ga ju ètè lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á, 41 náà ni lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo délé, mo fi weir sínú mọ́dẹ́lì bí inline structure (ohun tó dábùú ọ̀nà omi), mo fi fífẹ̀ sí i, mo fi gíga ètè sí i, mo ṣí ìwé kan wo coefficient (nọ́ńbà tó so gíga omi orí ètè pọ̀ mọ́ iye omi tó ń kọjá) ti weir ẹlẹ́tè mímú, 3.33 ni wọ́n kọ síbẹ̀, mo fi sí i, mo wá ran 2 m³/s kọjá. Sẹ̀ǹtímítà 28 ló fún mi! Èwo wá ni 28? Mo gbé Manning n (nọ́ńbà tó ń sọ bí ilẹ̀ ọ̀nà omi ṣe rí págunpàgun tó) láti 0.013 lọ sí 0.020, kò mira. Mo fi cross section kún un, kò mira.

Nǹkan kejì ni pé tí mo bá ran ìkún omi kọjá lórí unsteady (ìṣirò tí omi ti ń yí padà bí àkókò ṣe ń lọ), tí omi ìsàlẹ̀ bá ti gun ètè weir tó sì ń sún mọ́ omi òkè, ìlà iye omi máa ń ṣe ṣágiṣàgi bí eyín ayùn, á lọ sókè á tún já wálẹ̀. Time step mi (àlàfo àkókò láàárín ìṣirò kan sí èkejì) jẹ́ ìṣẹ́jú kan.

Ẹnì kan ní kí n pa inline structure tì, kí n kàn gbé ilẹ̀ sókè nínú 2D (ìṣirò tó pín ojú ilẹ̀ sí sẹ́ẹ̀lì kéékèèké). Mo ṣe bẹ́ẹ̀, sẹ́ẹ̀lì mi jẹ́ mítà 5, omi kàn ń gba inú weir kọjá ni bíi pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo ti ṣìnà?

Kọnkéré_àti_Omi:

Ọ̀rẹ́ mi, máà da ara ẹ láàmú, coefficient yẹn wà níbẹ̀ kó o lè yí i ni. Máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí omi á fi dé 41, ó parí. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ẹnjiníà_Àgbà:

Ẹ dúró ná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì yí nǹkan kan. Omi_Ń_Ṣàn, ìbéèrè kan ni mo ní: ṣé mítà ni mọ́dẹ́lì yín wà, àbí ẹsẹ̀ bàtà? Nítorí gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ, mítà ló jẹ́, 3.33 tẹ́ ẹ wá kọ síbẹ̀, ti ẹsẹ̀ bàtà ni!

Ẹ jẹ́ ká fi ọwọ́ ṣe é. Fọ́múlà weir ò ju Q = C × L × H^1.5 lọ. Q ni iye omi tó ń kọjá, C ni coefficient, L ni gígùn ètè, H ni gíga omi òkè sí ètè. L jẹ́ 4, Q jẹ́ 2. Tí C bá jẹ́ 3.33, H^1.5 máa jẹ́ 0.150, H á sì jẹ́ 0.28. Ẹ wò ó, 28 yín nìyẹn gééré. Mọ́dẹ́lì ò ṣe àṣìṣe kankan, ohun tẹ́ ẹ bi í ló dá yín lóhùn. Ẹ wá fi 1.84 sí i: H^1.5 á jẹ́ 0.272, H á jẹ́ 0.42.

3.33 yẹn, ọ̀dọ̀ Francis ló ti wá, James Francis tó wọn omi lórí weir ní Lowell ní Massachusetts tó sì tẹ iṣẹ́ náà jáde lọ́dún 1855, ẹsẹ̀ bàtà ló sì fi ṣiṣẹ́. Àwọn kan máa ń rò pé coefficient yìí ò ní ìwọ̀n nínú, pé nọ́ńbà lásán ni. Rárá o. Agbára òòfà ilẹ̀ wà nínú ẹ̀, òòfà yìí jẹ́ 32.2 tẹ́ ẹ bá fi ẹsẹ̀ bàtà kà á, ó sì jẹ́ 9.81 tó bá jẹ́ mítà, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi gbọ́dọ̀ mú nọ́ńbà tó wá láti ìwé Amẹ́ríkà kẹ́ ẹ fi 0.552 sọ ọ́ di púpọ̀ kẹ́ ẹ tó lò ó. 3.33 × 0.552, 1.84 ni. 3.09 ti weir ẹlẹ́tè gbòòrò, ó di 1.7. Ogee, ìyẹn weir tí orí ẹ̀ tẹ̀ bí omi ṣe ń já bọ́, tí wọ́n bá ṣe é dáadáa, máa ń tó nǹkan bíi 2.2. Ó yẹ kí nọ́ńbà mẹ́ta yìí wà lórí yín, tẹ́ ẹ bá ti rí weir lórí mítà tí coefficient ẹ̀ lé ní 2.5, ẹ dá ọwọ́ dúró, nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Nínú SWMM, sọ́fítíwíà fún omi òjò ìlú, náà ẹ ṣọ́ra, 3.33 yìí náà ló máa ń wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fa weir tuntun.

Ti Manning n tí ò mira, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Weir ló ń pàṣẹ fún omi níbẹ̀ yẹn, kì í ṣe bí ilẹ̀ ṣe rí. Láti ojú weir lọ sókè, gíga ètè àti H ló máa sọ ibi tí omi máa dúró, ìgbà tẹ́ ẹ bá rìn jìnnà sókè dáadáa ni Manning á tó ní ẹnu ọ̀rọ̀. Kó tiẹ̀ wá yí padà gan-an ló yẹ kó bà yín lẹ́rù.

Kọnkéré_àti_Omi, mi ò fi ìbínú sọ ọ́ o, àmọ́ ìmọ̀ràn yẹn léwu. Ká ní ó ń yí i títí, ó máa dé 41 lóòótọ́, kò sì ní mọ̀ láé pé ẹsẹ̀ bàtà òun mítà ló ń dàpọ̀. Lọ́la á fi 3.33 kan náà sí weir míì tí kò sí igi ìwọ̀n níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa rí i. Coefficient kì í ṣe bọ́tìnnì rédíò téèyàn kàn ń yí títí ohùn á fi mọ́.

Kọnkéré_àti_Omi:

Mo gbọ́ sà. Òótọ́ ni, mi ò wo ti ẹsẹ̀ bàtà yẹn rárá. Àwọn ibi tí mo ti máa ń yí i, igi ìwọ̀n wà níbẹ̀ ni, àmọ́ mo rí ohun tẹ́ ẹ ń sọ.

Omi_Ń_Ṣàn:

Háà! Ọjọ́ mẹ́rin! Ẹ ṣeun gan-an ni sà. Mo ti yí i sí 1.84, sẹ̀ǹtímítà 42 ló fún mi báyìí fún energy, omi fúnra ẹ̀ wà ní 41 àti ààbọ̀. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ pariwo. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ìdajì sẹ̀ǹtímítà tó kù yìí ńkọ́? Ṣé kí n gbàgbé ẹ̀ ni? Kí sì nìdí tí energy àti ojú omi fi yàtọ̀ síra?

Ìyá_Hydro:

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo ilé. Omi_Ń_Ṣàn, o ti bi ìbéèrè tó dáa, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í bi í.

Omi tó ń bọ̀ wá bá weir ń sáré díẹ̀. Tìrẹ, omi jìn tó mítà 1.6, fífẹ̀ 4, tí 2 m³/s bá gba ibẹ̀, eré ẹ̀ á jẹ́ nǹkan bíi 0.31 m/s. Eré yẹn ní agbára tiẹ̀, tó o bá sọ ọ́ di gíga, ó tó mìlímítà 5. H inú mọ́dẹ́lì, àpapọ̀ gíga ojú omi àti mìlímítà 5 yẹn ni. Igi ìwọ̀n ò lè rí eré, ojú omi nìkan ló ń rí. Torí náà ojú omi ni kó o fi wé igi ìwọ̀n ẹ, má fi energy wé e. Fún tìrẹ ó kéré, àmọ́ tí weir ò bá ga tí omi sì pọ̀, ìyàtọ̀ yìí lè di sẹ̀ǹtímítà lọ́nà púpọ̀.

Ìyókù, 1.84 kì í ṣe òfin tó sọ̀kalẹ̀ látọ̀run. Coefficient ti ẹlẹ́tè mímú máa ń lọ sókè díẹ̀ bí omi orí ètè bá ṣe ń ga sí i ní ìfiwéra pẹ̀lú gíga weir fúnra ẹ̀. Ọ̀nà Rehbock, ará Jámánì nì, ló rọrùn jù: 0.611 + 0.08 × h/P. P tìrẹ (gíga weir) jẹ́ 1.2, h (gíga ojú omi sí ètè) jẹ́ nǹkan bíi 0.41, ó máa fún ẹ ní bíi 0.638, tó o bá wá sọ ọ́ di C, o máa rí bíi 1.88 tàbí 1.89, èyí sì jẹ́ pé h ojú omi lásán lò ń lò pẹ̀lú ẹ̀, kì í ṣe energy. Ṣírò ẹ̀ padà, wàá rí 41. Ìdajì sẹ̀ǹtímítà ẹ nìyẹn. Tó o bá fẹ́ fi sínú HEC-RAS tó ń lo energy, 1.85 ló máa bá a mu.

Nǹkan méjì tí mo máa bi ẹ́ kí n tó gbà pé ọ̀rọ̀ yìí ti parí. Igi ìwọ̀n yẹn, ibo ló wà? Tó bá sún mọ́ ètè jù, omi ti ń tẹ̀ lọ sísàlẹ̀ níbẹ̀, kíkà ẹ á kéré. Ó kéré tán kó jìnnà sí ètè ní ìlọ́po mẹ́rin H tó ga jù. Ìkejì, o ní weir lọ láti ògiri dé ògiri, ó dáa bẹ́ẹ̀. Fún ẹlòmíì tó bá ń kà á, tí ètè bá kúrú ju ọ̀nà omi lọ, omi máa ń fún ara ẹ̀ pọ̀ ní igun méjèèjì, Francis fúnra ẹ̀ ní kí wọ́n yọ 0.2 × H kúrò nínú L. Sọ́fítíwíà míì á béèrè lọ́wọ́ yín, òmíì ò ní béèrè.

Omi_Ń_Ṣàn:

Ẹ ṣeun mà. Igi ìwọ̀n wà ní mítà 3 sókè. Tí H mi bá jẹ́ 0.42, ìlọ́po mẹ́rin jẹ́ 1.7, ìyẹn dáa. Àmọ́ nígbà ìkún omi H lè sún mọ́ 0.8, á wá ku díẹ̀ kó tó. Máa kọ ọ́ sínú ìròyìn mi.

Ọ̀rọ̀ eyín ayùn ló wá kù báyìí, àti ti 2D.

Ẹnjiníà_Àgbà:

Eyín ayùn yẹn, weir ti rì ni. Máa ṣàlàyé ẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà, torí téèyàn ò bá rí i pẹ̀lú nọ́ńbà ó máa dà bí àdììtú.

Nígbà tí omi ìsàlẹ̀ bá ṣì wà lábẹ́ ètè, omi òkè ò mọ̀ pé ìsàlẹ̀ wà rárá. Tí ìsàlẹ̀ bá ti gun ètè, weir ẹlẹ́tè mímú máa bẹ̀rẹ̀ sí í dín iye omi kù lójú ẹsẹ̀. Villemonte fún wa ní fọ́múlà ẹ̀ lọ́dún 1947: ẹ mú iye omi tí ì bá kọjá ká ní kò rì, kẹ́ ẹ fi (1 − (h2/h1)^1.5)^0.385 sọ ọ́ di púpọ̀, h2 ni gíga omi ìsàlẹ̀ sí ètè, h1 ni ti òkè. Tí h2 bá jẹ́ ìdajì h1, ìdá 15 nínú 100 péré lẹ ti pàdánù. Tó bá jẹ́ 0.8, ó ti dín ní bíi ìdá 38. Ibi tó ti ń le ni ìparí ẹ̀. Ká ní h1 yín jẹ́ mítà 1 gan-an tí h2 sì jẹ́ mítà 1, kò sí omi tó ń kọjá. Ẹ wá jẹ́ kí h2 fi sẹ̀ǹtímítà kan péré dín, 0.99, omi tó ń kọjá lórí weir mítà 4 yín ti di bíi 1.5 m³/s! Sẹ̀ǹtímítà kan péré o. Ìṣẹ́jú kan sì ni time step yín, 1.5 m³/s fún ìṣẹ́jú kan jẹ́ 90 kúbíìkì mítà omi, ó máa bọ́ sí ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ á ga sókè ju òkè lọ, mọ́dẹ́lì á dá omi padà, ní ìṣísẹ̀ tó tẹ̀ lé e á tún ṣe òdìkejì ẹ̀. Eyín ayùn yín nìyẹn. Bí ẹni tó ń wa ọkọ̀ tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú kan ìṣẹ́jú kan ló ń la ojú.

Nǹkan àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa ṣe ni kẹ́ ẹ dín time step kù, ẹ gbìyànjú sẹ́kọ́ńdì 10, tí kò bá tó, 5. Kò sí ohun tó dà bí ẹ̀. Theta, nọ́ńbà tó ń mú kí ìṣirò dúró déédéé, ẹ fi sí 1.0 ná. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ tó lọ sí ibi tí HEC-RAS ti ní weir flow stability factor àti submergence decay exponent, méjèèjì máa ń lọ láti 1 dé 3, bí ẹ bá ṣe ń gbé e sókè ni á máa fara balẹ̀ sí i. Mo fi wọ́n sí ìkẹyìn nítorí pé wọ́n máa ń rọ́ mọ́dẹ́lì lójú ni, wọn kì í wo àìsàn ẹ̀ sàn, tẹ́ ẹ bá lò wọ́n, ẹ padà wá dín wọn kù kẹ́ ẹ rí i bóyá gíga omi ṣì dúró síbi tó wà.

Ó ku kinní kan o, ìyẹn ló sì ká mi lára jù nínú ọ̀rọ̀ yín. Ẹ lọ wo irú ètè tẹ́ ẹ yàn nínú mọ́dẹ́lì. Tó bá jẹ́ broad crested (ẹlẹ́tè gbòòrò) ló wà níbẹ̀, mọ́dẹ́lì ò ní dín omi kankan kù títí omi ìsàlẹ̀ á fi dé bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ti òkè, torí bí ẹlẹ́tè gbòòrò ṣe ń ṣe nìyẹn lóòótọ́. Tiyín ò gbòòrò. Láàárín ìgbà tí omi ìsàlẹ̀ gun ètè sí ìgbà tó dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin yẹn, mọ́dẹ́lì yín á máa sọ fún yín pé omi òkè kéré ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì ní sí eyín ayùn kankan tó máa ta yín lólobó. Ìlà ẹ̀ á rẹwà gan-an, kò sì ní jóòótọ́.

Mẹ́ṣì_Wẹ́wẹ́:

Ẹ jẹ́ kí n gba ti 2D sọ. Nínú 2D ti HEC-RAS, ojú sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ìlà tó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì méjì, ni omi ti ń gba kọjá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ka gíga ilẹ̀ tó lè dá omi dúró. Ohun tó bá wà nínú ikùn sẹ́ẹ̀lì kàn ń gba àyè lọ́wọ́ omi ni, kò lè dí i. Weir irin tó tín-ín-rín nínú sẹ́ẹ̀lì mítà 5? Omi ò rí i rárá. Fa breakline sórí ètè kí ojú sẹ́ẹ̀lì lè dúró lé e lórí, kó o sì dín sẹ́ẹ̀lì kù níbẹ̀, ọ̀nà omi mítà 4 tó ń gba inú sẹ́ẹ̀lì mítà 5 kọjá, ìyẹn gan-an ti kéré ju kó jẹ́ 2D lọ.

Àmọ́ kódà tó o bá ṣe é dáadáa, má fi ilẹ̀ gíga rọ́pò weir ẹlẹ́tè mímú. Ìṣirò 2D gbà pé bí omi bá ṣe jìn tó ni agbára tó fi ń tẹ ìsàlẹ̀ máa tó, ní ètè mímú, omi ń tẹ̀ bọ́ sísàlẹ̀, ohun tó gbà yẹn ò sì jẹ́ òótọ́ mọ́ níbẹ̀. SA/2D connection, ohun tí HEC-RAS fi ń so apá méjì pọ̀ pẹ̀lú weir láàárín, ni kó o lò, kó o yàn án pé kó lo weir equation. Tó bá jẹ́ ebè gbọọrọ tó dagẹrẹ tí omi ń gùn díẹ̀díẹ̀, a lè jẹ́ kí 2D fúnra ẹ̀ ṣe é.

Tó bá wá jẹ́ pé bí omi ṣe ń já bọ́ gan-an lo fẹ́ rí, OpenFOAM ni, sọ́fítíwíà tó ń ṣírò ìṣàn omi àti afẹ́fẹ́ ní kíkún, ètò interFoam inú ẹ̀, tó ń tẹ̀ lé ojú omi pẹ̀lú ọ̀nà VOF (tó ń ka ìdá omi tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan) tí Hirt àti Nichols gbé jáde lọ́dún 1981. Èmi nífẹ̀ẹ́ ẹ̀ gan-an, mo ti fi oṣù méjì ṣe weir kan nínú ẹ̀, mi ò sì kábàámọ̀. Fún H sẹ̀ǹtímítà 42, sẹ́ẹ̀lì sẹ̀ǹtímítà 2 lórí ètè máa fún ẹ ní bíi 21 láti ètè dé ojú omi, ìyẹn dáa láti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó pa mí láyò nígbà yẹn, afẹ́fẹ́ ni. Omi tó ń já bọ́ láti ètè dà bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn aṣọ yẹn, omi sì ń fà á lọ díẹ̀díẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ tuntun ò bá rí ọ̀nà wọlé, ibẹ̀ á máa fa aṣọ omi náà mọ́ra títí á fi lẹ̀ mọ́ irin, omi tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ á wá máa kọjá lórí H kan náà. Mọ́dẹ́lì mi jẹ́ pẹlẹbẹ, sẹ́ẹ̀lì kan ní fífẹ̀, kò sí ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ lè gbà. Ìgbà tí mo ṣí fèrèsé kékeré fún afẹ́fẹ́ lẹ́yìn irin weir ni nọ́ńbà mi tó bá ti fọ́múlà mu.

Ìyá_Hydro:

Ohun tí Mẹ́ṣì_Wẹ́wẹ́ sọ nípa afẹ́fẹ́ yẹn, ó kan weir tòótọ́ náà o. Omi_Ń_Ṣàn, tìrẹ lọ láti ògiri dé ògiri, afẹ́fẹ́ ò lè gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ṣé wọ́n fi páìpù afẹ́fẹ́ sábẹ́ ẹ̀? Tí kò bá sí, kíkà ẹ lè yí padà láti ọjọ́ kan sí ọjọ́ kejì lórí omi kan náà. Àmọ́ OpenFOAM fún iṣẹ́ yìí, èmi ò rí ìdí ẹ̀. Weir onígun mẹ́rin tó mú létè, àwọn èèyàn ti wọ̀n ọ́n fún ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Weir tó wọ́ bí ejò, tàbí èyí tí ẹnì kankan ò tíì wọ̀n rí, ìyẹn ni kó o fi oṣù méjì ṣe.

Omi_Ń_Ṣàn:

Mo ti padà dé. Páìpù afẹ́fẹ́ méjì wà lábẹ́ ẹ̀ mà, ọ̀kan ní ògiri kọ̀ọ̀kan, mo rí wọn nínú fọ́tò tí mo yà.

Sẹ́kọ́ńdì 5 pẹ̀lú theta 1.0 ti pa eyín ayùn run, mi ò tiẹ̀ fọwọ́ kan stability factor. C mi ti di 1.85, ojú omi ti di 41.

Sà, ẹ̀yin lẹ tọ̀nà nípa irú ètè. Broad crested ló wà níbẹ̀. Mo mú ìgbà kan nínú ìkún omi tí omi tó ń kọjá jẹ́ 5 m³/s, omi ìsàlẹ̀ sì fi sẹ̀ǹtímítà 50 ga ju ètè lọ, mọ́dẹ́lì ní omi òkè wà ní 77, gẹ́gẹ́ bíi pé weir ò rì. Mo fi ọwọ́ ṣírò Villemonte, mò ń gbìyànjú H lọ́kọ̀ọ̀kan títí Q fi dé 5, 89 ni mo bá. Sẹ̀ǹtímítà 12! Ògiri ọ̀nà omi yẹn ò sì fi bẹ́ẹ̀ ga lápá òkè, 12 yẹn lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín pé omi dúró sínú àti pé ó ya síta.

Mo ti ní kí wọ́n bá mi kan igi ìwọ̀n kejì mọ́ ògiri nísàlẹ̀ weir, kí n lè ka òkè àti ìsàlẹ̀ pọ̀ nígbà tí omi bá tún kún, àtèyí tó wà ní mítà 3, kí wọ́n sún un lọ sí mítà 4. Tí mo bá ti kà á, máa gbé e wá síbí.